Hẹ́dífóònù Kẹta

Èéfín nìwà, kò ṣeé fi pamọ́. Ládẹ̀jọbí, olórí akọrin, mú Àwẹ̀ró, ọ̀kan nínú akọrin rẹ̀, lọ ra hẹ́dífóònù. Ọlọ́jà gbé mẹ́ta kalẹ̀, gbogbo wọn ní ihò lẹ́yìn tí ohùn ń gbà jáde.

“Orin tí etí yín mọ̀ jù ni kí ẹ fi dán wọn wò, sà.”

Ládẹ̀jọbí so ti àkọ́kọ́ mọ́ fóònù rẹ̀, ó fi orin kan sí i, ó gbé e sétí, ó mi orí. Èkejì dùn jù ú lọ. Ẹ̀kẹta ni ihò rẹ̀ pọ̀ jù. Ó gbé e sétí, ó yí ohùn orin náà sókè, ó dijú, ó ṣebí òun nìkan ló ń gbọ́.

Igbe Àwẹ̀ró ló là á lójú.

“Yéè! Ohùn ìyá mi tó kú rèé! Ọ̀gá, ṣebí ẹ ní téèpù orin rẹ̀ tí mo fún yín ti sọnù, pé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín kọ orin yìí?”

Ládẹ̀jọbí já a kúrò létí. Lọ́wọ́ rẹ̀, òkú ń kọrin lọ.