Èédú Tí Mo Jù Sódò

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yí mi ká, ẹ fún mi ní etí yín, ṣùgbọ́n ẹ má wò mí lójú, nítorí ìtàn yìí kì í ṣe ìtàn akíkanjú. Ọdẹ́gbàmí ni mí, ọmọ Ọdẹ́tólú. Ní ìlú wa, inú Igbó Abà ni a ń kó irúgbìn pamọ́ sí, lọ́dọ̀ àwọn iwin tí ń ṣọ́ ìkòkò irúgbìn, ọdẹ nìkan ló sì ń dé ibẹ̀, ẹrù kì í sì í jáde níbẹ̀ kí òjò tó rọ̀. Bí ọdẹ bá padà lọ wo ẹrù, iwin a fún un ní àrokò: ewé tútù bí ẹrù bá wà láìléwu, èédú bí ìkòkò bá sán. Bí ọdẹ bá ti gba àrokò ni yóò fi lé ẹni tó rán an lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ọ̀nà ibẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ló kọ́ mi. Mo mọ bí atẹ́gùn ṣe ń gba abẹ́ àjà tí wọ́n to ìkòkò sí kí irúgbìn má baà bu, inú mi a sì máa dùn láti dúró wò ó.

Ìyá Àdùfẹ́, opó ẹ̀yìnkùlé wa, gbé igbá ẹ̀wà kan fún mi láti kó pamọ́ sí igbó, irú ẹ̀wà pupa tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, tí kò sí lóko ẹlòmíràn. Ó fi igbá kejì sílé, bí ti igbó bá bàjẹ́. Mo jíṣẹ́. Nígbà tí mo padà lọ wò ó, iwin fi èédú lé mi lọ́wọ́. Ojú tì mí láti gbé ìròyìn burúkú wọ̀lú. Mo rántí òwe àgbà pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo ju èédú sódò, mo já ewé tútù lẹ́bàá ọ̀nà, mo gbé e fún un. Ó súre fún mi títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó ní kí n lọ kó ẹ̀wà òun wá. Ẹsẹ̀ mi wúwo bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń lọ sin òkú tí òun fúnra rẹ̀ pa.

Ní ẹnu igbó, iwin kan dìde, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn bí ìtàkùn, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná.

“Ọdẹ, bí a bá rán ọ lọ bu iyọ̀, tí o bá ilẹ̀kùn ní títì, kí ni ìwọ yóò sọ nílé?”

“Bàbá, n ó ní kò sí iyọ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ewé fi ń já bọ́. “Òpùrọ́ tí kò mọ̀ pé òun ń purọ́! Ẹni tí o sọ fún pé kò sí, ọbẹ̀ àtẹ́ ni yóò jẹ. Ẹni tí o sọ fún pé a ti ilẹ̀kùn, yóò wá kọ́kọ́rọ́ lọ. Kọjá! Ojú rẹ fi hàn pé o ti ṣe ju èyí lọ.”

Ìyá Oníkòkò, iwin tó fún mi ní èédú, tí ojú rẹ̀ méjèèjì wà ní àtẹ́lẹwọ́, ló pàdé mi nídìí àjà.

“Èédú mi ńkọ́, ṣé ó délé?”

“Ó bọ́ lọ́wọ́ mi, ìyá.”

Ó la àtẹ́lẹwọ́ sí mi. “Ó bọ́, àbí o jù ú?”

“Mo jù ú ni. Òwe ni mo tẹ̀ lé.”

“Ọmọ a máa fi ọ̀wọ̀ sọ ọ̀rọ̀, kì í yí i padà.” Ó mú mi lọ sídìí ìkòkò tó sán. Omi ti wọ̀ ọ́, ẹ̀wà ti bu, ó ń rùn. Ó ṣà á títí ó fi rí mọ́kànlá tó yè. “Ìkòkò tó sán kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ. Amọ̀ a máa sán. Ìdí nìyẹn tí a fi ní èédú. Èmi kò lè bá obìnrin yẹn sọ̀rọ̀, òun náà kò lè rí mi. Ìwọ nìkan ni ẹnu tó wà láàárín wa, o sì fi ewé dí i. Lọ sọ iye tó yè, iye tó bàjẹ́, àti ohun tó bà á jẹ́.”

Oko ni mo bá Ìyá Àdùfẹ́, ó ti kọ ebè sílẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní.

“Ọdẹ mi, káàbọ̀! Ṣé ẹrù ò bó ọ lórí?”

Mo la ọwọ́. “Mọ́kànlá ló yè, ìyá. Gbogbo ìyókù ti bu. Ìkòkò ló sán. Èédú ni wọ́n fún mi nígbà náà. Mo jù ú sódò, mo já ewé fún yín.”

Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀. “Ọdẹ́gbàmí, mo se igbá kejì. Mo fi se ọ̀lẹ̀lẹ̀ fún àwọn ọmọ, láti fi yọ̀ nítorí ewé rẹ.”

Kò bú mi. Ó gbin mọ́kànlá náà sí ebè mọ́kànlá, koríko sì bo ebè ìyókù. Nígbà tí ó kórè díẹ̀ tó rí, ó pín in sí igbá méjì, ọdẹ mìíràn ló sì fi ọ̀kan rán. Èédú ni onítọ̀hún mú bọ̀. Mo ń wò láti ẹ̀yìn ògiri: Ìyá Àdùfẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọlé, ó gbé igbá kejì sókè àjà, kò sì fi ọwọ́ kàn án títí òjò fi dé.

Ẹ̀yin ará mi, bí ẹ bá di ẹnu láàárín ẹni méjì tí kò ríra wọn, ẹ gbé èédú délé. Ó lè kun ọwọ́ yín ní dúdú, ṣùgbọ́n omi á fọ̀ ọ́. Ewé tí mo já, n kò tí ì rí omi tó lè fọ̀ ọ́.