Iṣu Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèníran

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèníran ṣàwárí iṣu tí kòkòrò kì í jẹ ní oko yunifásítì. Nígbà tí Mopélọ́lá kúnlẹ̀ pé òun fẹ́ ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé lábẹ́ rẹ̀, ó ní, “Kò sáàyè.” Bẹ́ẹ̀ ló ń dá gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ padà, kí ẹnikẹ́ni má baà bá a pín nínú òkìkí iṣu náà.

Ìfẹ̀yìntì dé. Wọ́n gba oko, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò gbin iṣu náà síbòmíràn. Ẹ̀yìn tirẹ̀ kò gba ọkọ́ mọ́. Ó kó èyí tó kù sínú igbá, ó rù ú délé.

Ìyàwó rẹ̀ bá a sọ igbá kalẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Ìbídùn. Ṣé ká sè é ni, àbí ká gún un?”