Ọkọ̀ Òfurufú Tí Ọ̀kẹ́rẹ́ Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Tò

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé orí Ọ̀kẹ́rẹ́, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ gbè é dáadáa o! Ohùn tí ẹ fi dáhùn yẹn kò lè gbé ọ̀kẹ́rẹ́ kọjá kòtò, ká má tíì sọ ti odò.

Ní ayé àtijọ́, Ọ̀kẹ́rẹ́ fi àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìrókò kan ní òdìkejì odò, ó wá oúnjẹ wá sí ìlú. Òjò dé. Òjò rọ̀, odò kún, omi yí ìrókò ká. Gbòǹgbò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Àwọn ọmọ ń ké lókè pé, "Yèyé wa o! Igi ń mì!"

Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré lọ bá Erin, ọba ìlú. Erin ní, "Fọkàn balẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Òun ni yóò gbé wọn."

Ṣùgbọ́n àṣà kan wà nílùú náà. Ohun tuntun kì í jáde láìjẹ́ pé àwọn àgbà ìlú fi nǹkan tiwọn kún un. Erin gbé ìtẹ́ rẹ̀ sí i. Ẹfọ̀n gbé ilẹ̀kùn onígi sí i. Ìnàkí so agogo idẹ mọ́ ọn. Gbogbo irin ìlú tán sára ọkọ̀ náà. Wọ́n tì í, kò gbéra. Wọ́n tún tì í, kò gbéra. Wọ́n tì í lẹ́ẹ̀kẹta, ó rì sínú ẹrẹ̀ títí dé ilẹ̀kùn. Àwọn àgbà wá jókòó, wọ́n ń jiyàn lórí ọ̀dà tí wọn yóò fi kùn ún!

Inú bí Ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ̀rù ń bà á pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò dúró sunkún. Ó lọ bá Lékeléke. Lékeléke gbé ìdì kan fún un, ohun tí yóò fi to ọkọ̀ òfurufú kékeré: ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, okùn, àti aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ó ní, "Mo ti gé e, mo ti lu ihò sí i lára. Ìwọ ni kí o tò ó. Má yọ nǹkan kan kúrò, má sì fi nǹkan kan kún un."

Ọ̀kẹ́rẹ́ tò ó. Ó di okùn, ó tú u, ó tún un dì títí ó fi le. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọkọ̀ ti dúró. Ó wò ó, ó dà bí nǹkan òtòṣì lójú rẹ̀. Ojú tì í díẹ̀. Ó bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ idẹ ìgbéyàwó rẹ̀, ó so ó mọ́ imú ọkọ̀.

Àwọn àgbà dé. Erin ní, "Gbé ìtẹ́ mi sí i." Ẹfọ̀n ní, "Gbé ilẹ̀kùn mi sí i." Ìnàkí ní, "Ó kéré tán, agogo."

Ọ̀kẹ́rẹ́ kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bínú sí mi lọ́la. Lónìí, ọmọ ni mo fẹ́ lọ gbé."

Ó wọ ọkọ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, apá ọkọ̀ náà sì ń jù bí ìyẹ́ ẹyẹ. Orin ló ń kọ. Ẹ gbè é:

Lílé: Ọkọ̀ mi, gbé mi dìde
Ègbè: Fẹ̀rẹ̀ fẹ̀!
Lílé: Ìtẹ́ ọba kò sí nínú rẹ
Ègbè: Fẹ̀rẹ̀ fẹ̀!
Lílé: Agogo idẹ kò sí lára rẹ
Ègbè: Fẹ̀rẹ̀ fẹ̀!
Lílé: Ọmọ mi ń bẹ lórí ìrókò
Ègbè: Fẹ̀rẹ̀ fẹ̀!

Ọkọ̀ gbéra. Kí Ìnàkí tó pa ẹnu dé, ó ti kọjá odò. Ó fẹ́ kó wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbé àkọ́bí wá sí ìlú. Ó padà. Ìrókò ti dagun, kò ní dúró dìgbà tí yóò tún padà wá. Ó kó ọmọ méjèèjì sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ kò gbéra.

Ọmọ kejì ní, "Yèyé, ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ gbé àbúrò mi."

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Pa ẹnu mọ́. N kò wá ṣa ọmọ."

Ó yẹ ọkọ̀ wò. Ìtẹ́ kò sí níbẹ̀. Ilẹ̀kùn kò sí níbẹ̀. Agogo kò sí níbẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, tó ń dán. Ó fi eyín gé e, ó já sómi. Ó kọrin, àwọn ọmọ rẹ̀ gbè é: Fẹ̀rẹ̀ fẹ̀! Ọkọ̀ gbéra. Lẹ́yìn wọn, ìrókò wó sódò, gbìì!

Nígbà tí wọ́n balẹ̀, Erin bi í pé, "Ìlẹ̀kẹ̀ rẹ dà?"

"Odò ń bá mi lò ó, Kábíyèsí."

Erin wo àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó wọ inú ẹrẹ̀ lọ, ó fi ọwọ́jà rẹ̀ yọ ìtẹ́ rẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ ìlú.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé kí á mọ iṣẹ́ tí nǹkan fẹ́ ṣe kí á tó so ọ̀ṣọ́ mọ́ ọn. Tó bá sì wúwo jù, ọ̀ṣọ́ tiwa ni kí á kọ́kọ́ já kúrò. Ibi tí ààlọ́ mi balẹ̀ sí nìyí.