Ìpè Inú Kùrukùru

Kò sí etíkun tí kò mọ Arógunyọ̀, ọkọ̀ Ògúnmọ́dẹdé, ẹni tí ọba fún láṣẹ kó máa ja ọkọ̀ ọ̀tá lólè. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kùrukùru dí i lọ́nà, ló bá mú Ṣẹ̀gilọlá apẹja, ó yọ àdá sí i: "Pe ará ìlú rẹ kí wọ́n tanná, ká rọ́nà wọlé kó wọn!" Ṣẹ̀gilọlá fi orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú ké: "Èmi Efúntọ́lá ti dé o, ẹ tanná!" Dípò iná, ohùn ìlú ló dún nínú kùrukùru: "Efúntọ́lá, padà o! Má jọ̀kùn, má jekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́run ni kó o bá wọn jẹ!" Ògúnmọ́dẹdé pariwo: "Òkú là ń sọ ìyẹn fún!" Ṣẹ̀gilọlá ní, "Èmi náà nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá mi sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ńkọ́?" Àdá bọ́ sómi. Obìnrin náà sọ̀ sínú ọkọ̀ ẹja rẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án. Títí Ògúnmọ́dẹdé fi kú, gbogbo ẹni tó bá pàdé ló ń bi pé, "Jọ̀ọ́, ṣé o rí mi?"