Ìdí Tí Iná Sólà Ojú Ọ̀nà Fi Ń Wolẹ̀

Nígbà láéláé, bí Oòrùn bá ń relé nírọ̀lẹ́, gbogbo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló máa ń kó lọ. Kì í ṣẹ́ ẹ kù fún ẹnikẹ́ni. Bó bá ti wọ̀ báyìí, òkùnkùn á bo ìlú, olúkúlùkù á sì máa táràrà kiri.

Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn tó Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́. Inú àbàtà lẹ́bàá ọ̀nà ni ilé rẹ̀ wà, òdìkejì ọ̀nà sì ni oúnjẹ wà, níbi tí èsúnsún ti ń jáde. Àwọn kẹ̀kẹ́ ń sáré gba ojú ọ̀nà yẹn, wọn kì í sì í rí ẹ̀dá kékeré nílẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ọmọ Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ bá lọ. Ẹyọ kan péré ló kù ún kù, ó sì sọ ọ́ ní Bánjókòó, kí ọmọ náà lè mọ ohun tí òun ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Bánjókòó ní òun náà ti tó ẹni tó ń sọdá, àyà ìyá rẹ̀ já. Kó tó di pé ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ tán, ó ti fò tọ́ tọ́ tọ́ dé ibi tí Oòrùn ti ń yọ. Ó kúnlẹ̀, bí a bá lè pe ìjókòó ọ̀pọ̀lọ́ ní ìkúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ káàárọ̀ o. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ dákun, bí ẹ bá ń lọ, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún wa nínú ìmọ́lẹ̀ yín.”

“Ìyá Bánjókòó, n kò hawọ́,” ni Oòrùn wí. “Ta ni yóò rù ú? Ẹni tó bá máa gbà á, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni yóò fi wà lórí ìdúró. Kò gbọdọ̀ jókòó, kò sì gbọdọ̀ sá síbòòji.”

Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ lọ bẹ Igi Ọ̀dán. Ọ̀dán ní, “Èmi tí gbogbo ayé ń sá sí lábẹ́, kí èmi náà wá máa rẹrù? Ká má rí i!”

Ó bẹ Àkùkọ. Àkùkọ ní, “Láàárọ̀, mo wà ńbẹ̀. Tó bá dọ̀sán, oorun máa ń kùn mí.”

Ó kan Òpó Irin, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà láìníṣẹ́, tí àwọn ewúrẹ́ kàn ń fi í họra.

“Ìyá, ẹ gbé e rù mí,” ni Òpó wí. “Ìdúró ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù.”

Inú Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ dùn dé ọrùn. “O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n má gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé o. Bí Bàbá bá ti dé iwájú rẹ, kí wọn dáadáa.”

Oòrùn gbé òṣùká lé Òpó lórí, ó gbé àtẹ dúdú pẹlẹbẹ lé òṣùká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ìmọ́lẹ̀ sí i. Ẹ wá wo Òpó! Ooru ń jó o, kò mira. Afẹ́fẹ́ ń tì í, kò yẹsẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Àfi ìgbà tó di ọ̀sán gangan, tí Oòrùn dé òkè orí rẹ̀. Òpó rántí ẹ̀kọ́ ilé. “Bàbá, ẹ káàsán o!” Ó nà gbalaja, ó dọ̀bálẹ̀. Àtẹ dojú dé, gbogbo ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ sì dà sínú iyanrìn.

Bánjókòó kò gbọ́ nǹkan kan. Ní àṣálẹ́, ó bọ́ sójú ọ̀nà pẹ̀lú ìdánilójú pé iná máa tàn. Òkùnkùn ló bá pàdé, àti kẹ̀kẹ́ kan tó ń sáré bọ̀. Bánjókòó já sínú kòtò, táyà sì gba òkè orí rẹ̀ kọjá láìfarakàn án. Ẹ ò rí i pé kòtò ojú ọ̀nà náà ní ọjọ́ iyì tirẹ̀.

Lówùúrọ̀, Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ kò mú un ní kékeré. “Òpó! Ṣé o fẹ́ sọ mí di àgàn ni?”

Òpó bú sẹ́kún. “Ìyá, ẹ̀yin lẹ ní kí n kí Bàbá.”

Ojú ti ìyá náà, nítorí òótọ́ ni. Ó fọwọ́ pa ẹsẹ̀ Òpó lára. “Má bínú, ọmọ mi,” ló sọ.

Oòrùn gbọ́ wọn. “Òpó, ẹ̀kọ́ rẹ dára,” ló wí, “ṣùgbọ́n ẹni tó ru ẹrù kì í dọ̀bálẹ̀. Tẹ ọrùn rẹ ba díẹ̀, kí ojú rẹ máa wolẹ̀, mo ti gbà á ní ìkíni. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í sì í ranjú mọ́ àgbà. Bí mo bá wà ńlé, di ojú rẹ. Bí mo bá lọ, là á.”

Òpó ṣe bẹ́ẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tó lajú, ilẹ̀ tó ń wò ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí, níbi tí àwọn ẹ̀dá kékeré ń gbà kọjá gan-an. Kẹ̀kẹ́ tó ń bọ̀ rí Bánjókòó lókèèrè, ó rọra yà fún un. Àwọn èsúnsún náà rí iná, wọ́n sì fò wá bá Bánjókòó àti ìyá rẹ̀ lábẹ́ òpó. Ta ló tún ń wá ọ̀nà sọdá?

Láti ọjọ́ náà ni iná sólà ti ń gbé àtẹ sórí, tó ń tẹ ọrùn ba, tí kì í sì í lajú níwájú Oòrùn. Bí ẹ bá sì kọjá lábẹ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ wo ìdí rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀. Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ wà ńbẹ̀, Bánjókòó sì jókòó tì í.