Bàbá Tó Ya Pápá Ìsáré Sórí Kéèkì

Ọkùnrin kan wà tí kì í gbàgbé ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta fún àwọn tó ń ṣe títì. Ìparí oṣù ló máa ń wá sílé. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ìbí Ìbídùn ọmọ rẹ̀ bá ti ń bọ̀, yóò tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, yóò sì wọkọ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyẹn. Ẹsẹ̀ ọmọ náà yá. Láti kékeré ló ti ń gba ipò kìíní nínú eré sísá, débi pé nígbà tó dé ilé ìwé girama, òun ni wọ́n ń mú lọ bá àwọn ilé ìwé mìíràn díje. Bí bàbá rẹ̀ bá wà láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn. "Ẹ̀yin ò tíì rí ọmọ tó ń sáré," ni yóò máa wí.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ó ní òun kò ní ra kéèkì, ọwọ́ òun ni òun yóò fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Obìnrin kan ládùúgbò bá a yan kéèkì pẹlẹbẹ kan, ó sì fi bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀ṣọ́ hàn án. Ìyàwó rẹ̀ lọ mú ọmọ wá láti ilé ìyá àgbà. Ọkùnrin náà ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná mọ́ra.

Ó po ṣúgà lẹ́búlẹ́bú mọ́ bọ́tà, ó lù ú títí apá fi ń ro ó. Ó da àwọ̀ ewé sí apá kan, ó da àwọ̀ pupa sí òmíràn. Èyí tó rí bí ewé ló fi tẹ́ àárín bíi koríko. Èyí tó pupa ló fi yí i ká, bí ojú ọ̀nà tí àwọn olùsáré ń gbà. Ó rọ èyí tó funfun sínú náílọ́ọ̀nù, ó gé ṣóńṣó igun rẹ̀, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ láti fi fa ìlà. Ìlà àkọ́kọ́ wọ́. Ó fi ọ̀bẹ ha á kúrò, ó tún un fà. Òógùn bò ó lójú, ó ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó má baà kán sí i. Lẹ́yìn náà ló fi ṣúgà mọ ọmọbìnrin kékeré kan: ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè, apá méjèèjì nínà sókè, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já okùn ìparí eré. Ó gbé e sórí ìlà. Ó wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín lóun nìkan.

Nígbà tí ìyá àti ọmọ dé, àwọn ẹbí díẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ náà níléèwé ti jókòó sí pálọ̀. Bàbá gbé kéèkì jáde tòun torin. Ìyàwó rẹ̀ rí i, ó fọwọ́ bo ẹnu. Àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ náà wo ara wọn, orin sì kú mọ́ wọn lẹ́nu.

Ìbídùn wo kéèkì náà títí.

"Bàbá mi," ó ní, "ṣé ẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Yẹ̀yẹ́ kẹ̀? Ìwọ nìyẹn! Ìwọ lo gba ipò kìíní yẹn."

"Èmi tí dókítà ní n kò gbọdọ̀ sáré mọ́?"

Ọkùnrin náà yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Dókítà wo?"

"Bàbá Ìbídùn," ni obìnrin náà wí, "ó ní òun fúnra òun ni òun fẹ́ sọ fún yín. Ojú mi ló ṣe pè yín."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, ọmọ náà dákú lórí pápá. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n sì rí i pé ọkàn rẹ̀ kò lágbára, pé bí ó bá tún sáré ìje, ó lè kú. Ó sunkún, ó kọ oúnjẹ. Nígbà tó yá, ó pe bàbá rẹ̀. Bàbá wà nídìí ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta, fóònù wà létí rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára àwọn tó ń já òkúta. Ohùn ọmọ rẹ̀ ló gbọ́, kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Nígbà tí ohùn náà dákẹ́, ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Gbogbo rẹ̀ á dáa." Kò pe padà láti bèèrè. Nígbà tó sì délé tí kò mẹ́nu bà á, ìyàwó rẹ̀ rò pé ìbànújẹ́ ló ń pa mọ́ra.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bàbá òun, tó mọ bí òun ṣe fẹ́ràn eré tó, gbọ́ ọ, kò sì bẹ̀rù. Bí bàbá òun bá ní gbogbo rẹ̀ á dáa, á dáa náà ni. Ìyẹn ló mú un jẹun. Ìyẹn ló mú un padà síléèwé. Nísinsìnyí ó dúró níwájú kéèkì, ó sì ti mọ̀ pé òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ẹ ò gbọ́ mi," ló wí. Kò pariwo.

"Ariwo ẹ̀rọ ni, ọmọ mi. Ariwo ni."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ní gbogbo rẹ̀ á dáa?"

Bàbá nawọ́, ó fẹ́ yọ ọmọ ṣúgà náà kúrò, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún. Ìbídùn mú ọ̀bẹ, ó gé kéèkì náà fún àwọn àlejò, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn bí ọmọ tí a kọ́. Òun fúnra rẹ̀ kò tọ́ ọ wò.

Ọkùnrin náà bẹ ọmọ rẹ̀. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó padà wálé pátápátá. Ọmọ náà kò yájú sí i. Á kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, á gbé oúnjẹ rẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ kankan lọ̀ ọ́ mọ́. Bí ara bá ń ni ín, ìyá rẹ̀ ló ń gbọ́. Nígbà tó fẹ́ wọ yunifásítì, ẹnu àwọn aládùúgbò ni bàbá ti gbọ́ ohun tó fẹ́ lọ kọ́. Ìgbà tí etí bàbá ṣí tán ni ẹnu ọmọ pa dé, bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí bàbá náà fi darúgbó.

Ìwọ tó jókòó níwájú mi yìí, o wá fẹjọ́ ìyàwó rẹ sùn. O ní o kọ́lé fún un, o gbẹ́ kànga síbẹ̀, síbẹ̀ kò bá ọ sọ̀rọ̀. Mo bi ọ́ ní ohun tó sọ fún ọ kẹ́yìn kó tó dákẹ́, o ní o kò rántí. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni kò lè bá etí ẹni gbọ́ ọ̀rọ̀. Lọ sílé. Má ra nǹkan kan dání. Jókòó tì í, sọ fún un pé o kò gbọ́, má sì ṣe àwáwí. Bóyá yóò tún un sọ. N kò lè ṣèlérí ìyẹn fún ọ, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà tí ènìyàn kì í ní agbára láti sọ lẹ́ẹ̀mejì.