Ọdẹ Abẹ́ Omi Tó Tẹ Ìbọ́wù Dó

Ẹ̀yin ọmọ Ìbọ́wù, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bí a ṣe dé etí omi yìí.

Wọ́n fi oyè baba Adérògbà dù ú. Adérògbà, arìn-má-rẹ̀, ọmọ afigbó-ṣelé, bá kó àwọn ènìyàn rẹ̀ bọ́ sọ́nà. Ó gbé Mọ́rẹ̀nikẹ́ kọ́ èjìká, ọmọ kan ṣoṣo tí ibà ṣẹ́ kù fún un. Lọ́nà, ìyá arúgbó kan tó jẹ́ abọrẹ̀ odò wí fún un pé:

"Ọmọ ọba, ibi tí ọdẹ abẹ́ omi bá ti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ lójú rẹ, ibẹ̀ ni ilé. Má pa á o. Òun ni yóò bá ọ ṣọ́ ọmọ rẹ."

Ènìyàn ni Adérògbà ń retí, ẹni tó gbé ọrun àti ọfà dání. Nígbà tí wọ́n dé adágún yìí, ó bẹ̀rẹ̀ láti bu omi mu. Háà! Kòkòrò burúkú kan wà nínú ẹrẹ̀. Ètè rẹ̀ nà jáde bí apá, ó gbá ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ mú, ó sì ń jẹ ẹ́ láàyè. Orí Adérògbà wú: irú rẹ̀ kún inú ẹrẹ̀ náà.

"Ẹ gbọ́n wọn dànù!" ló pariwo. "Wọn ò ní jẹ ọmọ mi lẹ́sẹ̀!"

Agbọ̀n ni wọ́n fi gbọ́n wọn sórí iyanrìn gbígbóná. Kò pẹ́ tí tanwíji fi kún omi, nítorí kò sí ẹni tí yóò jẹ wọ́n mọ́. Tanwíji di ẹ̀fọn, ẹ̀fọn kún àgọ́, ibà sì dá Mọ́rẹ̀nikẹ́ dùbúlẹ̀.

Láàárọ̀ kùtù, Adérògbà gbé e jókòó sétí omi kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò náà tó ṣẹ́ kù gun koríko jáde. Ẹ̀yìn rẹ̀ là. Lámilámi yọ jáde! Ó na ìyẹ́, ó fi ẹ̀wù òfìfo sílẹ̀ lára koríko, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹ̀fọn jẹ lókè orí ọmọ náà. Áà, ọdẹ náà rèé! Òun ni Adérògbà fẹnu ara rẹ̀ ní kí wọ́n pa!

"Mọ́rẹ̀nikẹ́, wò ó."

Ó fọwọ́ kan ọmọ náà. Ara rẹ̀ ti tutù.

Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, Adérògbà kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ìbọ́wù ni wọ́n pe ibẹ̀, nítorí ẹ̀wù tí ọdẹ bọ́. Títí dòní, ọba wa kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá gorí oyè, yóò kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ yìí, yóò fi ọwọ́ méjèèjì dá kòkòrò kan padà sómi, yóò sì wí pé: "Má bínú. A kò mọ̀ ọ́."